Ọkọ̀ Tí Mi Ò San Owó Orí Rẹ̀

Ilé tí mò ń gbé báyìí, ẹlòmíì ló ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹlòmíì ló sì ń ṣí i. Adájọ́ ti sọ tirẹ̀: ọdún mẹ́rìnlá ni mo máa lò níbí, bí mo bá sì lò ó tán, wọ́n á gbé mi sínú bàálù padà sí Nàìjíríà, mi ò sì ní fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà mọ́. Mo pa èèyàn. Lẹ́yìn tí mo pa á tán, mo tún fẹ́ kí ẹlòmíì bá mi jìyà rẹ̀. Mo kọ ọ́ síbẹ̀rẹ̀ báyìí kí ẹni tó bá fẹ́ pa ìwé yìí dé lè tètè pa á dé, kó má baà sọ lẹ́yìn pé ọ̀rọ̀ dídùn ni mo fi tan òun.

Ẹ má ṣàánú mi jù o. Ara mi le. Mò ń jẹun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń se ìrẹsì wọn níbí kò gbọ́ ọ rí pé iyọ̀ wà láyé. Ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ni wọ́n fi mí sí, iṣẹ́ náà sì tẹ́ mi lọ́rùn. Aṣọ á gbóná jáde nínú ẹ̀rọ, màá máa ká a, màá máa kọrin sábẹ́ ètè. Mo sì ń sùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń sùn lójoojúmọ́, ẹ ò lè mọ ohun tí mo sọ yẹn. Ìgbà kan wà tí mo ní bẹ́ẹ̀dì gidi, tìmùtìmù rẹ̀ nípọn, nínú yàrá tí mo gbà ní Woodridge, tí oorun kò sì yà sọ́dọ̀ mi rárá.

Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe débí. Màá sọ ọ́ bó ṣe rí, mi ò ní bu iyọ̀ sí i.

Ọmọ Iléṣà ni mí. Nígbà tí mo dé Chicago, mo gba yàrá kan ní Woodridge, mo rí iṣẹ́ sí ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ní Aurora, mò ń di ẹrù sínú páálí. Bẹ́ẹ̀, láti Woodridge dé Aurora, bí èèyàn ò bá ní mọ́tò, ó wọ gàù nìyẹn. Kwame, ọmọ Ghana kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ló ń gbé mi. Ọjọ́ tí inú rẹ̀ bá dùn, á fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà mi. Ọjọ́ tí kò bá dùn, èmi nìkan ni màá máa wojú títì. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́, àfi kí n ra ọkọ̀ tèmi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìwà mi kan fún yín. Mo fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ pé mo gbọ́n. Láti kékeré ni. Bí mo bá ra nǹkan ní iye tí gbogbo ayé ń rà á, inú mi kì í dùn sí nǹkan náà. Àfi kí n rí ibi tí mo ti dín in kù, àfi kí n tún rí ẹni tí màá sọ ọ́ fún, kí ó ní, “Ìwọ yìí, ojú ẹ là!” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi ju ẹran lọ.

Ẹ̀gbọ́n Mùfú ló ní ọkọ̀ tí mo rà. Àgbà ni nínú ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá tó ń pàdé níparí oṣù. Alhaji ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é. Mùsùlùmí ni, Kìrìsìtẹ́nì ni mí, ìyẹn ò sì já mọ́ nǹkan kan láàárín wa. Ilé rẹ̀ àti ti Alhaja, ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, wà ní Matteson. Bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé ìwé ló ń wà, kò sì sí ẹni tó ń wakọ̀ jẹ́jẹ́ bíi tirẹ̀. Bó bá gbé mi láti ìpàdé, mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ti kọjá wa o.”

Á rẹ́rìn-ín. “Jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń gbé lójoojúmọ́, ó ti mọ́ mi lára.”

Nígbà tó gbọ́ pé mò ń wá ọkọ̀, ó ní kí n wá wo èyí tí òun ti ń lò tipẹ́, ọkọ̀ kékeré kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n ná an. Ó ní kí n mú iye tí agbára mi gbé wá, pé òun ò lè máa bá ọmọ ilé òun ná ọjà. Ọjọ́ Sátidé ni mo lọ gbé e. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti gbálẹ̀ inú rẹ̀, ó tún ki epo sí i. Ó na ìwé ọkọ̀ sí mi.

“Mo ti buwọ́ lù ú. Ní Mọ́ńdè, lọ sí ọ́fíìsì wọn, kí o san owó orí rẹ̀, wọ́n á yí i sí orúkọ rẹ.”

“Owó orí kẹ̀? Lórí ọkọ̀ tó ti gbó yìí? Ṣebí ẹ̀yin ti san tiẹ̀ nígbà tí ẹ rà á?”

“Ẹni tó bá ti rà á ló ń san, ì báà jẹ́ lọ́wọ́ ilé ìtajà, ì báà jẹ́ lọ́wọ́ èmi Mùfú. Kò tó nǹkan, jàre. Irú èyí tó ti pẹ́ láyé, ọjọ́ orí rẹ̀ ni wọ́n ń wò, owó kékeré ni wọ́n á gbà.”

Ó fa sukurudíráfà yọ lápò, ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ ṣe?”

“Nọ́ńbà ni mo fẹ́ tú. Níbí, nọ́ńbà kì í bá ọkọ̀ lọ, ọwọ́ ẹni tó tà á ló ń kù sí.”

Òótọ́ ni, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ti ń ro ó pé bí nọ́ńbà yẹn bá wà lára ọkọ̀, kò sí ẹni tó máa lé mi lọ sí ọ́fíìsì kankan. Mo fa ojú ro.

“Háà, ẹ̀gbọ́n! Báwo ni mo ṣe máa wà á dé Woodridge láìní nọ́ńbà? Àbí ẹ ò fọkàn tán mi ni? Àbí ẹ rò pé mo fẹ́ fi orúkọ yín jalè?”

Alhaja yọjú lẹ́nu ilẹ̀kùn. “Bàbá Ràfíù, ẹ fi sílẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ. Ṣé àlejò ni?”

Ojú ti ẹ̀gbọ́n. Mo rí i tí ojú tì í. Ó dìde, ó gbọn orúnkún, ó ti sukurudíráfà padà bọ àpò.

“Má bínú, àbúrò. Kì í ṣe pé mo rò ọ́ sí nǹkan kan. Lò ó wọ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí o wá dá a padà fún mi.”

Ká ní òyìnbó ló tà á fún mi ni, ì bá ti tú nọ́ńbà rẹ̀ kí n tó dé, kò tiẹ̀ ní dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n láàárín àwa tí à ń pe ara wa ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, kí àgbà bẹ̀rẹ̀ kó máa tú nọ́ńbà lójú ẹni, ńṣe ló dà bí ìgbà tí ìyálé ilé ń ka ẹran inú ìkòkò lójú àlejò. Mo mọ ibi tí ìtìjú rẹ̀ wà, ibẹ̀ ni mo sì fọwọ́ tẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ yẹn ni kí ẹ fàmì sí. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀.

Ní Mọ́ńdè, mo kúkú lọ sí ọ́fíìsì náà. Owó wà lápò mi, ìwé wà lọ́wọ́ mi. Èrò pọ̀ lórí ìlà. Mo jókòó, mo ń wo àwọn èèyàn tó ń lọ san owó orí bí ẹni ń lọ gba oúnjẹ, mo ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín nínú. Mo ní, kí ló dé tí mo fẹ́ fún ìjọba lówó lórí ọkọ̀ tí kò sí ẹni tó mọ̀ pé mo rà? Mo dìde, mo jáde. Bàtà ni mo fi owó náà rà, bàtà funfun kan tó dára gan-an.

Mo sọ fún Kwame lọ́jọ́ kejì, torí kí ni ọgbọ́n tí a ò sọ fún ẹnì kankan wúlò fún? Kwame ò yìn mí.

“Ìnṣọ́ránsì ńkọ́?” ó ní.

“Ìnṣọ́ránsì wo? Orúkọ mi ò sí lára ọkọ̀, ta ló máa ta ìnṣọ́ránsì rẹ̀ fún mi?”

“Bó o bá wá gbá èèyàn ńkọ́?”

“Olúwa má jẹ̀ẹ́! Wo ẹnu ẹ!” Mo bínú sí i débi pé mi ò kí i títí a fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kan di oṣù kan, oṣù ń gorí oṣù. Ní gbogbo ìpàdé, ẹ̀gbọ́n á fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn yòókù má baà gbọ́.

“Àbúrò, ṣé o ti rí àwọn èèyàn yẹn?”

“Mo ti rí wọn, ẹ̀gbọ́n. Mo ti sanwó.”

“Nọ́ńbà mi ńkọ́?”

“Ó wà nílé, sà. Ńṣe ni mò ń gbàgbé láti mú un wá.”

Á ní kò burú. Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ìpàdé ni mo máa ń gbé ọkọ̀ sí kó má baà rí i. Ká ní ó wá wẹ̀yìn lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ ì bá tán. Kò wá. Ó ti bi mí léèrè, mo ti dá a lóhùn. Lójú tirẹ̀, kó tún wá máa yọjú wò ó, ìwọ̀sí ló máa jẹ́ fún mi. Mo gbọ́ lẹ́yìn pé Alhaja sọ fún un pé ọ̀nà wà tí ẹni tó ta ọkọ̀ fi lè sọ fún ìjọba pé kì í ṣe tòun mọ́. Ó dá a lóhùn pé, “Kí n wá máa fi àbúrò mi sùn?”

Bẹ́ẹ̀ ni òtútù dé. Ọjọ́ kan wà tí yìnyín já dáadáa, mo sì pẹ́ jí. Ilẹ̀ ti mọ́ kedere, gbogbo nǹkan funfun, mò ń sáré kí àsìkò iṣẹ́ má baà kọjá. Ìyá kan fẹ́ sọdá lọ sí ibùdókọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti bẹ̀ mí pé kí n má dárúkọ rẹ̀ sínú ìwé kankan, mi ò sì ní dárúkọ rẹ̀. Mo rí i. Mo tẹ bíréèkì, ọkọ̀ ò gbọ́, ó ń yọ̀ lọ. Ó gbá a, ó yí, ó lọ fi ẹ̀gbẹ́ gbá òpó iná kan, ó wá dúró.

Gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Mo gbójú sókè, mo wo dígí. Ìyá náà wà nílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan ń mì. Mo rí i pé ó ń mì. Lọ́yà mi fẹ́ kí n sọ pé mi ò rí i, mo ní rárá, mo rí i. Mo mọ̀ pé ẹ̀mí ṣì wà lára rẹ̀. Fóònù mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi kò ju èyí lọ: ọkọ̀ yìí kì í ṣe tèmi lórí ìwé, mi ò ní ìnṣọ́ránsì, mi ò san owó orí, wọ́n á ní olè ni mí, wọ́n á lé mi nílùú. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ náà dáhùn kíá, ẹ̀gbọ́n ti tọ́jú ẹ̀ńjìnì rẹ̀ dáadáa. Mo lọ.

Ọlọ́run mi, mo lọ.

Mò ń wakọ̀, mi ò mọ ibi tí mò ń lọ. Èrò burúkú kan wá wọlé, ó wọlé jẹ́jẹ́ bí àlejò tó mọlé. Ó ní: ọkọ̀ ta ni? Mo ní ti ẹ̀gbọ́n Mùfú ni. Ó ní: ẹ̀gbọ́n Mùfú ńkọ́ báyìí? Mo ní ó wà nínú bọ́ọ̀sì, òun àti ọmọ ilé ìwé rẹpẹtẹ. Ó ní: ṣé o rí i? Ẹlẹ́rìí rẹ̀ pọ̀, kò sí ohun tó máa ṣe é. Dá ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ padà fún un.

Matteson ni mo kọrí sí. Mo gbé ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì níwájú ilé rẹ̀, mo fi kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ ìtẹ́sẹ̀ inú rẹ̀, mo rìn lọ wọ ọkọ̀ ojú irin. Nínú ọkọ̀ ojú irin yẹn, mo fi orí ti fèrèsé, mo sì sùn. Oorun tí mo sùn kẹ́yìn fún ìgbà pípẹ́ nìyẹn.

Nígbà tí mo jí, ohùn ẹ̀gbọ́n wà lórí fóònù mi. Mo ṣì lè sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

“Àbúrò, wọn ò ṣí ilé ìwé lónìí nítorí yìnyín, mo kàn sùn sílé ni. Mo jí, mo rí ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ṣé ó dá iṣẹ́ sílẹ̀ ni? Mo rí i pé iná iwájú rẹ̀ fọ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì tẹ̀. Nọ́ńbà mi ṣì wà lára rẹ̀, a ó jọ sọ ìyẹn. Má dààmú rárá. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì ti bò ó, mo ti fọ gbogbo ẹ̀ kúrò. Màá bá ọ wá iná míì. Pè mí.”

Orí mi wú. Kò síbi iṣẹ́. Kò sí ọmọ ilé ìwé kankan lọ́dọ̀ rẹ̀. Òun nìkan ló dá sùn nínú ilé, Alhaja wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ní ọsibítù, ó sì ti fọ ọkọ̀ náà mọ́ tónítóní pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Mi ò pè é.

Kámẹ́rà ojú títì ti rí nọ́ńbà. Ìyá náà kú kí ọ̀sán tó pọ́n. Nígbà tí ọlọ́pàá dé Matteson lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ rè é, iná rẹ̀ fọ́, wọ́n ti fọ̀ ọ́, orúkọ ẹ̀gbọ́n ló wà lára rẹ̀. Ó sọ fún wọn pé òun ti tà á. Wọ́n ní ìwé dà. Kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ mi ló wà. Wọ́n ní ta lo tà á fún. Ó dárúkọ mi. Alhaja náà jẹ́rìí sí i, wọ́n ní ìyàwó rẹ̀ ló ń gbè é lẹ́yìn. Ni wọ́n bá wá sọ́dọ̀ mi, ọlọ́pàá ọkùnrin kan àti obìnrin kan, mo sì fún wọn níjòkòó.

“Ṣé o ra ọkọ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí?” obìnrin náà bi mí.

“Rárá o. Ẹ̀gbọ́n wa ni nínú ẹgbẹ́. Ó máa ń yá mi lọ́kọ̀ rẹ̀ nígbà míì.”

“Ìgbà wo lo yá a kẹ́yìn?”

“Ó ti pẹ́. Ó ti gbà á padà.”

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Kò tiẹ̀ wò mí lójú lẹ́ẹ̀kejì. Bí irọ́ tó tó báyẹn ṣe rọrùn lẹ́nu mi yà mí lẹ́nu. Wọ́n kó ìdè sí ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́. Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní kí wọ́n tì í mọ́lé títí ẹjọ́ á fi bẹ̀rẹ̀, pé ẹni tó pa èèyàn, tó fọ ẹ̀rí nù, tó tún ń purọ́ mọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan, kò yẹ kó máa rìn nílẹ̀. Ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì náà ní kó má padà wá.

Ẹgbẹ́ pèpàdé. Àwọn kan ní irọ́ ni, ẹ̀gbọ́n ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní ta ló mọ inú èèyàn. Wọ́n ní ká dáwó fún lọ́yà. Èmi ni mo kọ́kọ́ dìde, mo sì dá ju ẹnikẹ́ni lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Obìnrin kan ní Ọlọ́run á fi irú mi jíǹkí àwọn àgbà wa. Mo ní àmín, mo jókòó.

Gbogbo ìgbà yẹn, mi ò sùn. Bí mo bá dijú, ọwọ́ ìyá náà ni mò ń rí. Bí mo bá lajú, Alhaja ni mò ń rò, tó ń lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ojú wíwú. Ó pè mí lẹ́ẹ̀kan péré. Kò bú mi. Ó ní, “Wọ́n ní bó bá jẹ̀bi, kò ní tètè jáde. Ọkọ mi ti dàgbà. Inú ibẹ̀ ló máa kú sí. Ṣé o gbọ́ mi?” Mo ní mo gbọ́ yín, mà. Ó pa fóònù.

Ọjọ́ ẹjọ́ pé. Mo bá àwọn ẹgbẹ́ lọ, torí pé bí mi ò bá lọ, wọ́n á máa béèrè mi. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́nà àbáwọlé kóòtù. Wọ́n mú ẹ̀gbọ́n gba iwájú wa kọjá, ó wọ aṣọ ẹ̀wọ̀n, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun tán. Ìdọ̀bálẹ̀ ti mọ́ mi lára láti kékeré, mi ò mọ ìgbà tí mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sílẹ̀ níbẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, sà.”

Ọlọ́pàá tó mú un dúró, kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bojú wò mí nílẹ̀. Mo ní ó máa tutọ́ sí mi lára ni.

“Àbúrò, káàárọ̀. Ṣé àlàáfíà lo wà?”

“A dúpẹ́, sà.”

“Màmá ńkọ́? Ojú tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn yẹn, ṣé ó ti ń ríran?”

“Wọ́n ti ń rí, sà.”

“Alihamudulilai. Bá mi kí wọn. Dìde nílẹ̀, ilẹ̀ tutù.”

Wọ́n mú un wọlé. Ẹ̀yin èèyàn mi, ká ní ó gbá mi létí ni, mo lè máa purọ́ lọ títí dòní. Mo ti múra sílẹ̀ de ìbínú. Mi ò múra sílẹ̀ de ẹni tí mo gbé sínú ẹ̀wọ̀n tó ń béèrè ojú ìyá mi.

Mo wọ kóòtù. Adájọ́ ò tíì jókòó dáadáa tí mo fi dìde.

“Èmi ni! Èmi ni mo gbá a! Ẹ fi í sílẹ̀!”

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ìjẹ́wọ́ rọrùn ní Amẹ́ríkà, ẹ gbọ́ o. Ọlọ́pàá kan ní kí n jókòó. Mo ní mi ò jókòó. Adájọ́ ní bí mi ò bá dákẹ́, òun á ní kí wọ́n lé mi síta. Mo ní, “Ẹ má lé mi síta, ẹ tì mí mọ́lé!” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n tì mí jáde lóòótọ́, mo jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, mò ń pariwo, títí ọlọ́pàá obìnrin tó wá sílé mi lọ́jọ́sí fi jáde wá bá mi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ní kí n sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo sọ ọ́. Mo sọ ti kọ́kọ́rọ́ abẹ́ ìtẹ́sẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n ti sọ fún wọn pé òun rí, tí ẹlòmíì ò sì lè mọ̀ àfi ẹni tó fi í síbẹ̀. Nígbà náà ló gbà mí gbọ́. Lọ́yà tí ìjọba fún mi ní kí n pa ẹnu mi mọ́. Mo ní ẹnu tí mo ti pa mọ́ tẹ́lẹ̀ ti tó.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, lórí pákó, nínú àtìmọ́lé, mo sùn fọnfọn.

Wọ́n fi ẹ̀gbọ́n sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Nígbà tó yá, wọ́n pè é padà síbi bọ́ọ̀sì rẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ náà ya káàdì fún òun. Ó máa ń wá wò mí. Ní báyìí, à ń jiyàn lórí bọ́ọ̀lù. Ó ní òun ti dárí jì mí, mo sì gbà á gbọ́, torí pé kì í purọ́. Alhaja ò tíì wá. Ó ní òun ṣì ń bá ọkàn òun jà, pé bí ó bá ṣeé ṣe, òun á wá. Mi ò bínú sí i. Ìyá mi ní Iléṣà sunkún títí fóònù fi gé. Nígbà tó tún pè, ó ní inú òun bàjẹ́, inú òun sì tún dùn pé kì í ṣe ẹnu ẹlòmíì lòun ti gbọ́ ọ. Bí ó ṣe ń ṣe èmi náà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni, inú mi ń dùn, ní ọ̀pọ̀ ọjọ́. Mi ò purọ́ fún ẹnikẹ́ni níbí. Kò sí ẹni tí mò ń sá fún. Ọdún tí mo máa lò, mo mọ̀ ọ́n, mo gbà á, ó tọ́ sí mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí, ní pàtàkì ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé, tí ẹ ń fi owó iṣẹ́ yín wá ọkọ̀ àlòkù: ẹ lọ san owó orí rẹ̀. Ẹ to ìlà, ẹ jókòó, ẹ gbọ́ ariwo àwọn ọmọ ọwọ́, ẹ sanwó, kí ẹ gba nọ́ńbà tiyín. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ọgbọ́n kan wà tí ẹ fi lè yẹ̀ ẹ́, ẹ sọ fún un pé ẹ mọ ẹnì kan tó gbọ́n bẹ́ẹ̀, aṣọ ẹlẹ́wọ̀n ló ń ká. Ẹ má fi ọ̀wọ̀ tí àgbà ní fún yín dè é lọ́wọ́. Bí ẹ bá sì gbá èèyàn, ohun yòówù kó dé, ì báà ṣe ìwé yín ò pé, ì báà ṣe wọ́n máa lé yín nílùú, ẹ dúró tì í.

Mo ní ìdí tí mo fi ń bẹ̀ yín bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n dájọ́ fún mi, ọmọbìnrin ìyá náà dìde sọ̀rọ̀. Ó ní ọkùnrin kan tó ń kọjá bá ìyá òun nílẹ̀, ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ bò ó, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Dókítà sọ pé bí ẹnì kan bá ti tètè pe ọkọ̀ aláìsàn ni, ó ṣeé ṣe kó yè. Ìyá náà ṣì lè sọ̀rọ̀. Ó ti gbọ́ bí ọkọ̀ mi ṣe kọlu òpó. Ohun tó ń bi ọkùnrin yẹn ni pé, “Ẹni inú ọkọ̀ yẹn ńkọ́? Ṣé kò fara pa?” Ọmọ rẹ̀ ní ó béèrè títí ohùn rẹ̀ fi lọ, kò sì sí ẹni tó lè dá a lóhùn, torí pé èmi tí mo mọ̀ ọ́n ti wà lọ́nà Matteson. Mi ò fara pa rárá.